Òdòdó Ọwọ́ Màmá Àgbà

Kọ́! Màmá àgbà fi ṣíbí onígi kan tábìlì, ó kàn mí láti túmọ̀ nìyẹn.

"Hannah cried and God saw her," ni mo sọ. Dòdò tó ń pọ́n lórí iná ni mò ń wò ní tèmi.

"Gbóhùn sókè! Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ńkọ́?"

Ìyá tó bí bàbá mi ni mo mọ̀ wọ́n sí, ọ̀dọ̀ wa ní Peckham nílùú òyìnbó ni wọ́n sì ń gbé. Ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan ní Rye Lane, ti ní kí Màmá wàásù ní Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Wọn ò wàásù rí láyé wọn. Yorùbá ni wọ́n máa sọ, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n sì fi ṣe ògbufọ̀, torí wọ́n ní àwọn ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń wàásù tiwọn mọ́ ti oníwàásù.

"Ohun tí mo bá sọ ni kó o sọ. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Tí mo bá ní 'mo', ìwọ náà á ní 'I'. Mi ò fẹ́ gbọ́ 'Grandma said' kankan. Ṣé o gbọ́?"

"Yes, Màmá."

Lọ́sẹ̀ yẹn, Hánà ò jẹ́ ká rímú mí. Màmá wàásù rẹ̀ nídìí ẹja tí wọ́n ń ha ìpẹ́ rẹ̀, wọ́n wàásù rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ojú sì ń tì mí bí nǹkan míì.

"Mummy, ẹ jẹ́ kí Hánà sinmi now, please," Dádì á ní.

"Dákẹ́ jàre. Ìwọ ṣáà ni Sámúẹ́lì mi."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, òórùn ẹja gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe máa ń ṣe. Kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n pín òdòdó fún gbogbo ìyá. Màmá gba tiwọn. Aunty kan wà nítòsí fèrèsé, tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ti ń wá ọmọ tipẹ́. Nígbà tó kàn án, arábìnrin tó ń pín òdòdó fò ó kọjá, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká.

"Next year, Aunty. Tiyín náà ń bọ̀, in Jesus' name."

Gbogbo ìlà náà ṣe àmín. Aunty náà ṣe é, ó wá sorí kodò.

A bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Màmá ń fi ìka kan pákó tí wọ́n gbé Bíbélì lé, mò ń túmọ̀, Dádì ń fi fóònù ká wa sílẹ̀ níwájú. Àfi bí Màmá ṣe dákẹ́. Ọ̀dọ̀ fèrèsé ni wọ́n ń wò. Wọ́n pa Bíbélì dé, wọ́n gbé òdòdó wọn sókè.

"Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bímọ nìkan ló ni èyí, kì í ṣe tèmi."

Mo túmọ̀ rẹ̀ wéré. Mo rò pé àpèjúwe ni.

"Mo sunkún bíi Hánà. Mi ò bímọ rí. Àbúrò mi ló bí ọmọkùnrin mi, ó kú lọ́jọ́ tó bí i. Èmi ni mo gbé e tọ́."

Kọ́!

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá ti ké "Hà!" Àwọn tó kù ń wo ẹnu mi. Mo wo Dádì. Dádì náà ti gbọ́, síbẹ̀ wọ́n ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé tí mi ò bá sọ ọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀.

Kọ́!

"I cried like Hannah," ni mo wí. "I have never had a child. My sister had my son. She died that day. I raised him."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Dádì. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ fi òdòdó náà sọ́wọ́ Aunty, wọ́n sì jókòó tì í. Bí ìwàásù ṣe parí nìyẹn.

Nígbà tá à ń lọ sílé, Dádì ló ṣíwájú ní gbogbo Rye Lane, láàárín àwọn tó ń ra iṣu, wọn ò bójú wẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí pé èmi ni mo ba ilé wa jẹ́. Ní ibùdókọ̀, Dádì dúró, wọ́n yí padà, wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ Màmá.

"Mummy, òtútù ń mú yín."

Màmá àgbà ti kú. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní ọsibítù báyìí, mi ò kì í fi kún un, mi ò kì í yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìyá kan bá ti ní "mo", kí n tó la ẹnu, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú ọmọ tó jókòó tì í, bóyá ó ti mọ̀.