Gbémisọ́lá àti Mítà Ilé Alájì Salifou

Gbémisọ́lá tí ẹ̀ ń wò yẹn, tó de àkàbà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, tó wọ ṣòkòtò tí àpò kún ara rẹ̀, èmi ni mo bí i. Bí ẹ bá béèrè rẹ̀ ní àdúgbò Plateau, ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, wọn á ti máa nawọ́ sí ilé rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa dà bí ẹni pé ìyá ń yin ọmọ rẹ̀ lásán.

Màṣíìnì ìránṣọ ni mo rà sílẹ̀ dè é. Mo ti fi aṣọ bò ó, mo gbé e sí igun yàrá, mò ń retí kí ó jáde ilé-ìwé. Ọjọ́ tó jáde, ó ní, "Màmá, iṣẹ́ iná ni mo fẹ́ kọ́." Mo ní iná wo? Ó ní iná mọ̀nàmọ́ná, ti inú wáyà. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Oṣù kan kò pé tó fi wà ní Párákú, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Boris, ọdún mẹ́rin gbáko ló sì lò níbẹ̀. Boris kì í pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́. Bí o bá so wáyà tán, á wò ó, á ní kí o tú u, kí o tún un so, títí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ojú ń bá a wò ó. Ọmọ mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan òun tú wáyà ilé kan lẹ́ẹ̀mẹ́fà, òun sì sunkún lórí àkàbà. Kò sọ̀ kalẹ̀ ṣá.

Nígbà tó padà wálé, ta ló pè é? Kí ó wá pààrọ̀ gílóòbù, kí ó wá wo fáànù, ìyẹn ni wọ́n ń pè é fún. Bí iṣẹ́ ńlá bá dé, ọkùnrin ni wọ́n ń wá lọ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi á ní, "Ìyá Gbémisọ́lá, orí òpó iná ni ọmọ yín á ti rí ọkọ." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ kí wọ́n rí i pé ó dùn mí.

Èmi fúnra mi, kajú ni mò ń ṣà lágbàlá Alájì Salifou. Alájì ló ń ra kajú ní apá ọ̀dọ̀ wa. Bí àwọn àgbẹ̀ bá gbé e dé, àwa obìnrin á tú u sílẹ̀, a ó yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò, a ó sá èyí tó dára sóòrùn, lẹ́yìn náà a ó rọ ọ́ sápò. Ilé ńlá ni ilé náà. Alájì àti ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, ayálégbé méje wà lẹ́yìn, ìdílé mẹ́jọ lápapọ̀, mítà iná kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń lò. Wáyà ń ti yàrá bọ́ sí yàrá bí okùn ìsáṣọ.

Ara ògiri yàrá iwájú ni mítà yìí wà. Yàrá yẹn ló gbẹ jù nínú ilé, òjò kì í jò débẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń to àpò kajú síbẹ̀. Lọ́dún yẹn, kajú pọ̀. A to àpò láti ilẹ̀ dé òkè, a fi bo mítà náà pátápátá. Èmi náà wà lára àwọn tó tò ó. Mo rántí pé mo fi orúnkún ti àpò kan mọ́ ọn dáadáa, kí èyí tó wà lókè má bàa yẹ̀. Lójú wa, ńṣe la ṣe mítà Alájì lóore, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè fara gbún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, Samiratou pe ọmọ mi kí ó wá tún fáànù rẹ̀ ṣe. Onídìrí ni Samiratou, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé Alájì, yàrá rẹ̀ ló sì kángun sí yàrá àpò. Mo wà lábẹ́ igi máńgòrò, mò ń ṣà. Mo rí Gbémisọ́lá tó wọlé. Kò pẹ́, ó jáde, ó dúró, ó ń wo gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹnìkan gbàgbé láti pa. Gílóòbù yẹn á mọ́lẹ̀, á ṣe báìbáì, á tún mọ́lẹ̀. Ọmọ mi wọ yàrá àpò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri. Boris ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí iná bá wà lára nǹkan, àtẹ́lẹwọ́ á dì í mú, kò ní lè jù ú sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ á fà sẹ́yìn ni.

Ó jáde tọ Alájì lọ. "Alájì, ẹ kú iṣẹ́. Ògiri yàrá yẹn ń gbóná."

"Oṣù kẹta la wà," Alájì dá a lóhùn, kò dìde lórí àga. "Orí èmi náà ń gbóná."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Ògiri tó kù tutù, Alájì. Èyí tí mítà wà nìkan ló gbóná. Mò ń gbọ́ nǹkan tó ń kùn bí oyin lẹ́yìn àwọn àpò, òórùn ike tó ń jó sì wà níbẹ̀. Níbo ni ẹ̀rọ tó yẹ kó máa já iná wà?"

"Èyí tó ń já lálaalẹ́ yẹn? Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ sí àdúgbò Adido bá mi yọ ọ́. Ó kàn so wáyà méjèèjì pọ̀, ó parí. Láti ọjọ́ náà iná wa kò já rí."

"Kò lè já mọ́," ọmọ mi ní, "torí kò sí ohun tó máa já a. Wáyà ìdílé kan ni ìdílé mẹ́jọ ń fà, Alájì. Ẹ̀rọ yẹn kò ṣe yín ní nǹkan, ẹrù tó pọ̀ jù ló ń kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kó àpò wọ̀nyí kúrò nísinsìnyí."

"Àpò igba? Ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó o lọ́túnla. Ta ló máa gbé e jáde? Ìwọ?"

"Bí ó bá gbiná, kò ní ku ohun tí ẹnikẹ́ni máa gbé. Ẹ̀yin lẹ mọ kajú jù mí lọ. Ẹ mọ òróró tó wà nínú èèpo rẹ̀, ẹ mọ bó ṣe ń jó."

"Fáànù ni wọ́n pè ọ́ sí," Alájì sọ. "Lọ tún fáànù ṣe. Ọmọbìnrin yìí ń wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀ kiri."

Ojú tì mí. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni mo ti ń jẹun láti ọdún mọ́kànlá. Mo dìde, mo ní, "Gbémisọ́lá, má bá àgbà jiyàn. Máa lọ sílé."

Ó yíjú sí mi. "Màmá, láàárọ̀ yìí, ara ògiri yẹn lẹ fẹ̀yìn tì. N kò lọ síbì kankan."

Ó fi fóònù pe ilé-iṣẹ́ iná. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn ìlú, wọn á dé bí wọ́n bá ti lè tètè dé. Kò fọwọ́ kan mítà o. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ iná wà lára rẹ̀. Àwọn nìkan ló lè ṣí i, àwọn náà ló sì lè gé iná lórí òpó. Ohun tó kù tí ọmọ mi lè ṣe ni kí ó mú kí àwọn tó ń fa iná dín kù. Ó ní bí kò bá sí ẹni tó ń fà á, wáyà á sinmi.

Ó wá ń kanlẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ yọ fírìjì, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù. Àwọn kan ń ráhùn, wọ́n yọ ọ́ ṣá. Samiratou ló kọ̀. Obìnrin kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, wọ́n sì ti fi ike ká irun rẹ̀.

"Kò ní pẹ́ gbẹ," Samiratou ní. "Jẹ́ kó gbẹ ná."

"Samiratou, ẹ̀rọ rẹ yìí ló ń fa iná jù nínú ilé yìí. Gbé oníbàárà rẹ lọ sóòrùn. Oòrùn oṣù kẹta lágbára jù ú lọ."

Obìnrin náà jáde pẹ̀lú ike nínú irun, ó wá jókòó tì mí, ó dijú mágbárí. "Ṣé ọmọ yín nìyẹn?" ó bi mí. Mo ní òun ni. Ó pòṣé.

Bí Samiratou ṣe yọ ẹ̀rọ rẹ̀ báyìí, nǹkan kan dákẹ́ nínú ilé. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Alájì dìde dúró.

"Kí ló dákẹ́ yẹn?"

"Òun ni mo ní kí ẹ gbọ́," ọmọ mi dáhùn.

Alájì ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò kìíní. Gbogbo wa dà bo yàrá náà, obìnrin tó ní ike lórí náà ń gbé. Nígbà tí a kó dé ẹsẹ̀ kẹta, a rí àpò tó fara ti mítà. Ó ti dúdú. Afẹ́fẹ́ kàn án, èéfín rú jáde, ibì kan sì pọ́n lára rẹ̀ bí ẹyín iná.

Mo ní ọpọ́n omi tí mo fi ń fọwọ́. Mo gbé e, mo sáré wọlé. Gbémisọ́lá di ọrùn ọwọ́ mi mú tó fi dùn mí.

"Màmá, kì í ṣe omi. Iná ṣì wà nínú wáyà títí wọn ó fi gé e lórí òpó. Omi á gbé e bá yín."

Yanrìn ìkọ́lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó bu ú, ó dà á lé àpò yẹn lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi igi gbígbẹ wọ́ ọ jáde sí àárín àgbàlá. Kò tíì fi í sílẹ̀ tí àpò náà fi gbiná fòò. Gbogbo wa ń da yanrìn sí i. Àpò kan ṣoṣo ni, ó sì jó títí oòrùn fi wọ̀. Nínú yàrá, igba ló wà.

Fréjus, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná, dé, ó gun òpó, ó gé iná. Ó ṣí mítà náà, ó mi orí. Ike inú rẹ̀ ti yọ́. Ó bi wá léèrè pé ta ló ní kí wọ́n yọ gbogbo nǹkan kúrò lára iná. Ojú gbogbo wa wà lára Alájì.

"Òun ni," Alájì wí, ó nawọ́ sí ọmọ mi. "Ọ̀rọ̀ iná ilé yìí, òun ni kí ẹ máa bá sọ."

Ọjọ́ méjìlá ni ilé náà wà láìníná. Àwọn Fréjus gbé mítà tuntun sí ara ògiri ìta, lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ojú ti lè rí i. Gbémisọ́lá tú gbogbo wáyà ilé, ó fi èyí tó nípọn dípò, ó fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń já iná. Nígbà tó parí, ó kun ìlà funfun sílẹ̀ níwájú mítà, ó jìnnà sí ògiri tó apá ènìyàn. Ó ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, ì báà ṣe àpò, ì báà ṣe igbá.

Láti ìgbà náà, wọn kì í pè é fún gílóòbù nìkan mọ́. Wọ́n ń bọ̀ láti Plateau, wọ́n ń bọ̀ láti Adido. Èyí ní òun fọwọ́ kan mítà òun lẹ́yìn òjò, iná gbé òun. Èyí ní mítà òun ń ka iná nígbà tí òun kò sí nílé. Ọmọ mi á ní kí ẹni yẹn pa gbogbo nǹkan, kí ó lọ wò ó. Bí ó bá ṣì ń kà, ẹnìkan ń fa iná rẹ̀, tàbí kí wáyà kan ti bó sí ibì kan. Kì í fi ẹnikẹ́ni ṣẹlẹ́yà. Ìlà funfun yẹn náà ti tàn kiri. Mo ti ka mẹ́rìndínlógún láàárín ilé mi àti ọjà, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kùn ún ni wọ́n sì fi ń pè é: ìlà Gbémisọ́lá.

Lọ́jọ́sí, mo gbé àwo kajú mi sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n lè sinmi ẹ̀yìn. Alájì wò mí láti orí àga rẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "ẹ gbé àwo yín kúrò lórí ìlà ọmọ yín."

Mo gbé e kúrò.