Mo-ti-mọ̀ àti Alùpùpù Tó Kọ̀ Tí Kò Sáré

Gbogbo wa la ti rí ẹni tó ń ti alùpùpù gun òkè. Mo-ti-mọ̀ nìkan ni wọ́n rí tó ń tì í sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí òógùn bò ó, tí ẹ́ńjìnnì náà sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

"Bàbá, ṣé epo ló tán ni?" Obìnrin oníbúrẹ́dì ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Epo kún inú rẹ̀."

"Àbí ó ti kú ni?"

"Ṣé o ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń tì í nínú ìsọ̀kalẹ̀?"

Mo-ti-mọ̀ nu ojú. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mò ń ràn án lọ́wọ́."

Télọ̀ ni olóògbé yìí, ó sì mọ aṣọ rán dáadáa. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé, torí kò sí ohun tẹ́nì kan máa sọ fún un tí kò ní fèsì pé, "Mo ti mọ̀." Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì jáde wá sọ fún un pé ìbejì ni ìyàwó rẹ̀ bí, ó ní, "Mo ti mọ̀," ló bá dákú.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù rẹ̀ ló wá di kàyéfì. Ó ti gbó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá gbéra láàárọ̀, á máa lọ geere. Tó bá rìn díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n dì í mú látẹ̀yìn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni mẹkáníìkì. Ó máa ń gbé e lọ bá a, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹlòmíì kì í tán lọ́wọ́ ìyẹn bọ̀rọ̀. Kó tó kàn án, alùpùpù náà á ti sinmi, á sì máa sáré bí ehoro.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan kan tó ṣe é o."

"Mo ti mọ̀," ni Mo-ti-mọ̀ á wí, á sì darí sílé, láìmọ ohunkóhun.

Ó rò ó títí, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó lọ gbé Ìyá Ìbejì nílé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà, alùpùpù náà tún bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀ láàárín títì.

"Ìyá Ìbejì, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é!"

"Kí ni?"

"Ìwọ ni. O ti sanra jù."

Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí balẹ̀, ó sì fọ́ yángá. Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀.

Ohun tó wá rú ọkọ rẹ̀ lójú ni pé alùpùpù náà ò yá sí i. Ó gbà pé òun náà ló sanra, ló bá fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀. Ó yọ díńgí méjèèjì. Ó yọ irin tí wọ́n ń gbé ẹrù lé. Nígbà tó di pé ó ń bọ́ bàtà sílé kó tó gùn ún, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un.

Báyìí ló ṣe di ọjọ́ tó tì í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé, àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó rẹ̀. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gba báàgì aṣọ tó gbé kọ́ iwájú, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irin ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù.

"Yéè! Ó jó mi o! Kí ló mú ẹsẹ̀ iwájú gbóná báyìí, nígbà tẹ́ ẹ kàn ń tì í bọ̀?"

Mo-ti-mọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo irin náà. "Mi ò mọ̀," ló wí.

Ìyá Ìbejì ní ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù ba òun ju irin gbígbóná lọ.

Ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ kíákíá, kí irin náà tó tutù. Ìyẹn gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó fọwọ́ yí i, kò yí. Ó tú bíréèkì, ó sì fi irin kékeré kan tó ti dípẹtà hàn wọ́n.

"Èyí ló ń ti páàdì, ìyẹn ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, mọ́ irin ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún bíréèkì, á jáde. Tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀, kì í padà. Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ lẹ ń fi bíréèkì di ara yín mú. Tó bá gbóná, á le sí i. Tó bá tutù, á dẹwọ́."

"Ó ń jáde, kì í padà." Ìyá Ìbejì wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Mo mọ ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀."

Mẹkáníìkì ha ìpẹtà náà kúrò, ó pààrọ̀ rọ́bà àti omi bíréèkì, ẹsẹ̀ náà sì ń yí wìrìwìrì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó lẹ́yìn. Mo-ti-mọ̀, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó sì rán ìjókòó tuntun, tó nípọn, tó fẹ̀. Ó gbé e wá fún ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ìjókòó àtijọ́ yẹn ló kéré. Kì í ṣe pé ìwọ lo tóbi."

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. "Jọ̀ọ́, mo mú un padà," ló wí, ó dorí kodò. "Méjèèjì ni mo mú padà."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Ó sì gun alùpùpù náà.

Láti ìgbà náà, alùpùpù lè sáré, ṣùgbọ́n wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń gùn ún. Á máa yí orí sẹ́yìn, á máa bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ á sì máa fọn fèrè mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lọ báyìí.

Nígbà tí Mo-ti-mọ̀ kú, àwọn obìnrin tó wá bá Ìyá Ìbejì kẹ́dùn béèrè ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń sọ lórí alùpùpù ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

"Mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀," Ìyá Ìbejì ní. "Ẹ́ńjìnnì yẹn ń pariwo jù, atẹ́gùn á sì gbé ìyókù lọ. Mo kàn máa ń gbé àgbọ̀n lé èjìká rẹ̀, màá ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, baálé mi.'"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí gèlè nu ojú.

"Inú rẹ̀ máa ń dùn," ó ní. "Inú tèmi náà."