Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Múyìbá Lẹ́yìn Ìdánwò

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń wọ reluwé tuntun ní Abbey Wood nílùú òyìnbó níbí lónìí, nígbà tí mò ń sọ yìí, ilẹ̀ ni wọ́n ṣì ń gbẹ́ fún un. Wọ́n ń wó àwọn ilé kọnkéré ẹ̀gbẹ́ adágún Southmere, eruku rẹ̀ sì ń wọlé bá wa lórí oúnjẹ. Mo ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lápá Woolwich nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tó ṣe é mọ ara wọn.

Olùkọ́ oníwákàtí ló pọ̀ jù nínú wa. Bí wọ́n bá nílò rẹ, wọ́n á pè ọ́. Bí ìsinmi bá dé, wọ́n á gbàgbé pé wọ́n bí ọ. Múyìbá wà lára àwọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni, ìṣirò ló ń kọ́ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ohun kan ṣoṣo: iṣẹ́ olùkọ́ tó fìdí múlẹ̀, tó ní àyè ìwádìí nínú, kí ó lè parí ìwádìí tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Gbogbo ìgbà tí irú àyè bẹ́ẹ̀ bá ṣí, a ó kàn gbọ́ pé ẹnì kan ti wọlé síbẹ̀. Bí a bá béèrè ìdí, wọ́n á ní ẹni náà bá ibẹ̀ mu.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ni Sarita, ọmọ India tó ń kọ́ni ní físíìsì, ti sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn. Ó ní ìdánwò kan wà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń ṣe. Àwọn tí máàkì wọn bá ga jù lọ ni ìjọba máa ń gbọ́ bùkátà wọn kí wọ́n lè ṣe ìwádìí. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn á gba ẹ̀tọ́ láti kọ́ni ní yunifásítì.

Mo ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí irú ẹ̀. Èsì rẹ ì báà máa dán bíi góòlù, wọ́n á ṣì bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́."

Múyìbá rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Ṣadé, níbí náà ńkọ́? Wọn ò tiẹ̀ bi wá. Wọ́n ti mọ̀ pé a ò mọ ẹnì kankan."

Sarita mi orí. "Ẹ má rò pé ọ̀run ni ọ̀dọ̀ wa. Ìdánwò yẹn ń sọ pé o yẹ ni, kò sọ pé wọ́n á gbà ọ́. Àwọn tó yege tí wọn ò ríṣẹ́ kún ìgboro."

Mo ní ká kọ́kọ́ gba èyí tí ọwọ́ lè tó ná. Nígbà tí àyè iṣẹ́ kan tún ṣí, a béèrè fún ìdánwò tí kò ní orúkọ lórí, nọ́ńbà nìkan, kí ẹni tó wá láti ìta sì máàkì rẹ̀. Àwọn aláṣẹ kọ̀. Nígbà tí a sọ pé a ó yanṣẹ́ lódì, wọ́n gbà. Múyìbá ló ṣe ipò kìíní, ẹni tó tẹ̀ lé e kò sún mọ́ ọn. Mo jó nínú kíṣìnì mi lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan.

Ijó yẹn ò tíì tán lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ wá fún ìtàkùrọ̀sọ díẹ̀. A ní ká jẹ èkuru kó tán, wọ́n tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. A jà títí, ohun tí a rí gbà ni pé kí n wà níbẹ̀, kí n máa wò, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ la ẹnu.

Wọ́n bi Múyìbá ní ìbéèrè lórí iṣẹ́ rẹ̀, ó dáhùn kedere. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, ọ̀gá ẹ̀ka fẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "Kí ló dé tó fi yẹ ká mú ọ, ká fi àwọn méjì yòókù sílẹ̀?"

Múyìbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wolẹ̀. "Àwọn yòókù náà dáa, sà. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú nínú wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò ní pàdánù."

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá, ẹ mọ ohun tó ṣe. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé kì í dúró níwájú àgbà kí ó máa ka oríkì ara rẹ̀. Ọjà tó dára ní í polówó ara rẹ̀, máàkì rẹ̀ sì wà lórí tábìlì níwájú wọn. Ìdáhùn tó ń retí ni kí àgbà kan níbẹ̀ sọ pé, "Rárá o, ìwọ gan-an ni." Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ọ̀gá ẹ̀ka kọ nǹkan sílẹ̀. Èmi tí ǹ bá sọ ọ́, wọ́n ti ní n kò gbọdọ̀ la ẹnu. Ọkùnrin tó ṣe ipò kẹta wọlé lẹ́yìn náà, ó sì sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló kọ́ ayé ní ení, èjì. Òun ni wọ́n mú. Wọ́n ní Múyìbá kò dá ara rẹ̀ lójú.

Inú bí mi. A yanṣẹ́ lódì. Òjò ń pa wá lẹ́nu géètì, páálí tí a kọ nǹkan sí ń rọ̀ lọ́wọ́ wa. Lọ́sàn-án, a rìn lọ sí Beresford Square láti ṣàlàyé fún aráàlú. Ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ń ta báàgì níbẹ̀ dá mi dúró.

"Àǹtí, ẹ̀yin tíṣà, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ọmọ tẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí páálí yẹn ò pass ni?"

"Òun ló ṣe ipò kìíní, mà."

"Kí wá ni wọ́n tún ń bi í sí?"

Títí dòní, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó bi mí ní ohun tó kọjá ìyẹn.

Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ pè wá jókòó. Wọ́n gbà pé láti ọdún tó ń bọ̀, máàkì ìdánwò nìkan ni yóò máa pinnu. Mo ní, "Múyìbá ńkọ́?" Wọ́n ní òfin kì í padà sẹ́yìn. Wọ́n wá ní kí ó lọ sí kíláàsì kan tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí yóò ṣe máa sọ ohun rere nípa ara rẹ̀. Ẹ gbà mí. Wọ́n jí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n tún ní kí ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo.

Múyìbá wà níbẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹni tẹ́ ẹ mú mọ̀ tí mi ò mọ̀?"

Ọ̀gá ẹ̀ka ní, "Ó dá ara rẹ̀ lójú."

"Mi ò bi yín bó ṣe rí lára rẹ̀, sà. Ohun tó mọ̀ ni mo béèrè."

Ọ̀gá wo aago. Ó ní àkókò ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ láìtan ara wa. A jèrè: àwọn kan nínú yín ń kọ́ni níbẹ̀ lónìí nítorí ìdánwò yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì bi yín pé kí ẹ yin ara yín. Ohun tí Sarita sọ sì ṣẹ, nítorí pé ẹni tó yẹ gan-an kò wọlé. Múyìbá fi ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kò sì parí ìwádìí rẹ̀. Nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn ní Harrow Manorway, ó gbé báàgì ọjà, ó kúnlẹ̀ kí mi létí ọ̀nà. Mo bi í bóyá yóò dáhùn lọ́nà mìíràn bí wọ́n bá tún bi í. Ó ní, "Rárá, Àǹtí. Èmi ti dáhùn tèmi."

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí ìpàdé tí a bá àwọn aláṣẹ ṣe tí n kò kọ́kọ́ gbé ìbéèrè rẹ̀ síwájú wọn kí a tó sọ ohun mìíràn. Wọ́n á wúkọ́, wọ́n á ṣí ìwé. Ẹ̀yin lẹ wà lórí àga ẹgbẹ́ níwájú wọn báyìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wo aago mọ́ yín lára. Ẹ bi wọ́n: kí ni ọkùnrin yẹn mọ̀ tí Múyìbá ò mọ̀?