Abala Òfin Tí Mi Ò Kà ní Akpassi

Lẹ́yìn ìkórè kajú ọdún tó kọjá, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a dìbò yan ìgbìmọ̀ abúlé, ni ìwé kan ti ọ̀dọ̀ ìjọba dé sí Akpassi, abúlé wa nílẹ̀ Benin, pé wọ́n ti sún ìdìbò náà síwájú. Wọn ò sì dá ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pè mí ní àgbà ajàfẹ́tọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ìròyìn tí ẹni tó mú ìwé náà wá sọ ti tàn ká, èrò ti kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun, alùpùpù ti tò, wọ́n fẹ́ lọ fẹ̀hónú hàn ní ọ́fíìsì ìjọba ní Bantè. Ìyá Pọ́ọ̀lù ló ṣáájú wọn. Opó ni, àgbẹ̀ kajú ni, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jáde du ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ náà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ọ̀hún. Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan ṣoṣo ní í ka ìwé ìjọba fún gbogbo abúlé, èmi sì ni: Mẹ́tìrì, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lédè Faransé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti bá ẹgbẹ́ olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo kà á sókè. Ó dárúkọ abala òfin kan, òǹtẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Mo ní òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, kí oníkálukú máa lọ sílé.

Ìyá Pọ́ọ̀lù ò kúrò lójú kan. Ó ní, “Mẹ́tìrì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni abala náà wí gan-an?”

Mi ò mọ̀. Mi ò ní ìwé òfin nílé. Ṣùgbọ́n ojú pọ̀ lára mi, ẹnu mi ò sì gbà á láti sọ pé mi ò mọ̀. Mo ní, “Ó fún wọn láṣẹ láti sún un.” Wọ́n tú ká. Wọ́n gbà mí gbọ́, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo yà kí agbẹjọ́rò kan nílùú Savalou, akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ́lẹ̀. Mo ní kó fi abala náà hàn mí. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹlòmíràn rọ́pò ọmọ ìgbìmọ̀ tó bá kú ló wà níbẹ̀. Kò mẹ́nu ba sísún ìdìbò rárá. Mo bi í bóyá a ṣì lè pẹjọ́. Ó ní àkókò tí òfin fún wa láti pẹjọ́ ti kọjá tipẹ́.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè wá, Mẹ́tìrì?”

Ojú tì mí.

Mo lọ bá Ìyá Pọ́ọ̀lù lóko, mo jẹ́wọ́. Kò bínú. Ó ní, “Èmi ò kàwé, mo sì béèrè. Ẹ lọ sọ fún àwọn tí ẹ tú ká níwájú ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹ ṣe sọ fún mi yìí.”

Títí dòní, ìgbìmọ̀ tí sáà rẹ̀ ti pé ló ṣì wà lórí àga. Àwọn tó kọ ìwé náà jẹ̀bi, mi ò ní bò wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ni mo tú èrò ká. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìyá Pọ́ọ̀lù béèrè, ó sì ṣìnà, torí ọwọ́ mi ló ti béèrè.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ni mo ti dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Mo kí wọn, wọ́n kí mi, mo padà sílé láì jẹ́wọ́. Yàtọ̀ sí Ìyá Pọ́ọ̀lù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, torí ó rọrùn jù: ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀.