Ìró Inú Ọrùn Ẹsẹ̀

"Kẹ́!" Ìró yẹn tún dún nínú ọrùn ẹsẹ̀ Màmá, ìyá tó bí bàbá mi. Òrí tí mo fi ń pa á fún wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rín ni Màmá ń rín ní tiwọn.

"Ọkọ mi, ṣé o rí i? Ó ti ń tẹ̀! Sáré pe bàbá ẹ wá."

Bàbá mi dé, àwọn aládùúgbò wọlé tẹ̀ lé e, wọ́n ń fọwọ́ kàn án, wọ́n ń dúpẹ́. "Màmá aránṣọ, ẹ ó padà sídìí maṣíìnì o!" Aṣọ ni Màmá ń rán. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Bódìjà, òórùn òróró rẹ̀ gba ilé kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Torí kí wọ́n lè padà sídìí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà kí dókítà la ẹsẹ̀ àwọn.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún Màmá pé torí kí ọrùn ẹsẹ̀ náà má baà tẹ̀ mọ́ láé ni wọ́n ṣe là á. Oríkèé ibẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n fi irin de eegun pọ̀ kó lè di ọ̀kan, kí ìrora lè dáwọ́ dúró. Bó bá ń tẹ̀, eegun ò so nìyẹn. Àìsàn gan-an la péjọ tí à ń dúpẹ́ lé lórí! Dókítà mọ̀. Òyìnbó ló fi ṣàlàyé fún bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú ẹ̀ wà lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà ò yé bàbá mi. Nígbà tí a padà lọ, kò ya àwòrán eegun kankan. Ó wo ojú abẹ, ó ní, "Màmá, ó ti jiná." Awọ ló jiná.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi wú. Ní ilé ìwòsàn mìíràn, àwòrán fi hàn pé irin ti kán sínú eegun.

Màmá ní, "Ṣé ẹ ó gé e ni?"

Dókítà kejì ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún un ṣe ná." Kò sọ pé rárá.

Láti ọjọ́ náà ni ariwo ayùn láti ọjà pákó ti ń ba Màmá lẹ́rù. Nínú ooru ọ̀sán gangan, wọ́n á ní, "Ọkọ mi, ti fèrèsé." Lọ́jọ́ kan wọ́n fà mí mọ́ra: "Bí mo bá sùn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ìwọ ni kóo di ẹsẹ̀ mi mú. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ kejì, nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí n wọlé. Bí wọ́n ṣe gbé Màmá jáde, abẹ́ aṣọ ni mo kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, eegun so. Ọrùn ẹsẹ̀ gan bí igi, kò dún mọ́, kò dun Màmá mọ́. Wọ́n gbé e lé maṣíìnì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò tẹ̀. Wọ́n wò mí. "Ṣé bó ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí? Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

Màmá ti lọ sọ́run báyìí, èmi náà sì ti dàgbà. Bí dókítà bá sọ fún mi pé nǹkan ti dáa, n kì í dúpẹ́. Mo máa ń bi í pé, bó bá dáa, báwo ló ṣe yẹ kó rí? Wọ́n ń pè mí ní oníjọ̀gbọ̀n. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọrùn ẹsẹ̀ tèmi bá dún kẹ́ lórí àtẹ̀gùn, mo ṣì máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.