Ta Ni Ìyàwó Nínú Báńkì Méjì?

"Mọ́mì, wọ́n ní kí a má bẹ̀rù." Báyìí ni ọmọ mi obìnrin wí lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́ kọ lẹ́tà pé àwọn fẹ́ dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù bà mí. Mo rántí kaṣíà kan níbí ní Ẹdẹ, obìnrin tí kì í lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ kà á sí i létí.

Nígbà kan tí báńkì tirẹ̀ fẹ́ dà pọ̀ mọ́ òmíràn, tí ọ̀gá wọn ń pè é ní ìgbéyàwó, kaṣíà náà ní, "Ọ̀gá, ta ni ìyàwó nínú wa? Ìyàwó ló ń kẹ́rù kúrò nílé o!"

Gbogbo àwa oníbàárà tí a tò sórí ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo tún sọ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, èrè yóò pọ̀ sí i."

Èrè pọ̀ lóòótọ́. Wọ́n lẹ iye rẹ̀ mọ́ ògiri báńkì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ẹ̀ka tirẹ̀ pa, torí báńkì kejì ti ní ọ́fíìsì lójú títì kan náà. N kò tilẹ̀ dágbére fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá mọ ibi tó wà, ẹ ní kó wá bá mi ka lẹ́tà ọmọ mi.