Gáùn Kérésì Yétúndé, Ọmọ Ládòkun

Ọmọ Komu ni Ládòkun. Ọdún 1965 ló kó wá sí Òtu, ó gba ilẹ̀ oko lọ́nà Okaka, ó sì gbé Adépéjú níyàwó. Ọdẹ ni bàbá Ládòkun, Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Adépéjú ní tirẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, obìnrin ni gbogbo wọn. Kíkẹ́ ni àkọ́bí, Yétúndé ni àbíkẹ́yìn.

Aránṣọ ni mí. Láti ìgbà tí Kíkẹ́ ti ń rákò ni mo ti ń ránṣọ fún ilé náà. Ohun tí mo fojú rí ni mo ń kọ.

Oko Ládòkun kò tóbi. Iṣu àti pákí ni wọ́n ń jẹ. Àgbàdo ló ń san owó ilé-ìwé. Egúsí ló ni Kérésì. Bó ti wù kí ojú pọ́n ọn tó, kì í fi owó egúsí ṣe ohun mìíràn. Mo bi í nígbà kan pé kí ló kan ọmọ Ògún kan Kérésì.

Ó ní, "Ọmọdé ló ni ọdún, Bàbá Àwáwù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, ẹ ò ṣáà kọ owó aṣọ Kérésì."

Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni. Bí Disẹ́ńbà bá ti wọlé, n kì í ráyè jẹun ọ̀sán.

Tẹ́lẹ̀, aṣọ kan náà ló máa ń rà fún gbogbo ọmọ. Nígbà tí wọ́n di márùn-ún, owó kò ká a mọ́. Ní ọdún 1979 ó ṣe òfin tuntun: ọmọ kan lọ́dún kan. Ẹni tí ó kàn yóò gba gáùn tuntun, bàtà, àti ìbọ̀sẹ̀ funfun. Àwọn yòókù yóò wọ èyí tí ẹ̀gbọ́n wọn ti wọ̀, olúkúlùkù yóò sì gba bàlúùnù kan àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá.

Bí ó bá gbé aṣọ wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ jẹ́ kó tóbi. Àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn." Èmi náà á fi íńṣì mẹ́rin sílẹ̀ fún ìṣẹ́tí, íńṣì kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Lọ́dún kìn-ín-ní, gáùn náà á máa wọ́lẹ̀. Lọ́dún kejì, á ṣe déédéé, ṣùgbọ́n á ti ṣá. Lọ́dún kẹta, á há, ẹni tó tẹ̀ lé e á sì gbà á. Nínú ilé yẹn, kò sí ọmọ tí aṣọ bá lára mu lọ́jọ́ tí aṣọ náà wà ní tuntun.

Kíkẹ́ ló kọ́kọ́ kàn. Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e gba tiwọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1983, ó ku Yétúndé. Ọmọ ọdún méje ni. Bí ó bá ń bọ̀ láti ilé-ìwé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi.

"Bàbá Àwáwù, èmi ló kàn lọ́dún yìí."

"Mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì á tún wá sọ ọ́.

Òjò ọdún náà tètè dá. Egúsí fà díẹ̀, ó tanná, ó gbẹ. Níbi tí Ládòkun ti ń kó àpò mẹ́rin, kò kó tó ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí oko náà ká kó tó gbà pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tó gbé e bọ̀ wálé, ó kọjá níwájú mi láìkí mi. Ó ti lọ tó ìwọ̀n ilé mẹ́ta kó tó rántí, ó sì padà wá kí mi pẹ̀lú ẹrù lórí. Kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Náírà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ra egúsí náà. Lọ́jọ́ kẹta, òun àti Adépéjú jọ wá bá mi. Wọ́n mú Yétúndé dání. Ládòkun gbé aṣọ sórí tábìlì mi, ọ̀pá méjì, aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó pupa.

Adépéjú kò tilẹ̀ jókòó. "Bàbá Àwáwù, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Náírà mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ìrẹsì ń bẹ níbẹ̀, ọmọ márùn-ún ń bẹ níbẹ̀, ó sì ti sáré ra aṣọ. Mo ní kí Yétúndé dúró di ọdún tó ń bọ̀."

Ládòkun ní, "Ọdún tó ń bọ̀, ó tún kan Kíkẹ́. Ta ni kí n yọ nítorí ta ni?"

"Kíkẹ́ ti gbọ́n. Kò ní jà."

"Ẹni tí kò ní jà la máa ń rẹ́ jẹ, Ìyá Kíkẹ́. Adìẹ ilé la máa pa. Bàtà Mọ́ládé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì dára. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni màá rà kún un."

Adépéjú pòṣé, ó jókòó.

Mo tẹ́ aṣọ náà, mo wọ̀n ọ́n. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Ọ̀pá méjì lè di gáùn ńlá tó máa lo ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò ní ní apá, kò ní ní bẹ́líìtì, bí àpò ló máa rí. Tàbí kí n rán an mọ́ ọmọ náà lára, kí n ṣe apá wíwú sí i, kí n sì jẹ́ kó fún ní ìbàdí. Kò lè ṣe méjèèjì.

"Èyí tó máa pẹ́," ni Adépéjú wí.

Ládòkun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀ẹ̀mọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo ọmọ náà.

"Ìwọ, èwo lo fẹ́?"

Yétúndé wo ìyá rẹ̀. Ó wo aṣọ. Ó ní, "Èyí tí wọn ò ní bi mí pé ti ta ni."

Adépéjú pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ẹnu! Bàbá Kíkẹ́, ìyá yín mà tún ti dé lóòótọ́."

Ládòkun rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó rẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ rán an mọ́ ọn lára."

"Tó bá di Kérésì tó ń bọ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Á wọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n wọ̀."

Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Àyà, íńṣì mẹ́tàlélógún. Ìbàdí, íńṣì méjìlélógún. Gígùn, íńṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. N kò fi nǹkan kan lé e. Náírà mẹ́ta ni owó iṣẹ́ mi. Mo gba méjì.

Ọjọ́ Kérésì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn bí mo ti máa ń ṣe. Ọyẹ́ mú gan-an. Ìrẹsì kò pọ̀, ẹ̀wà ni wọ́n fi kún un. Ládòkun jókòó sórí àga lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ń pa dé.

Àwọn ọmọ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Gáùn náà bá Yétúndé lára mu. Síbẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì ká a sókè bó ti ń rìn, bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀.

Mo ní, "Fi í sílẹ̀, kò wọ́lẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Kó tó dé ìdí ìkòkò omi, ó tún ti ká a.

Ní ilé yẹn, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn a bọ́ aṣọ ọdún kíá, wọn a ká a sínú àpótí. Kò gbọdọ̀ rí epo, kò gbọdọ̀ rí erùpẹ̀, torí ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́. Àwọn mẹ́rin ti wọlé lọ bọ́ tiwọn. Yétúndé nìkan ló kù lóde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é kí wọ́n jọ lọ jẹ ọdún láti ilé dé ilé.

Adépéjú kígbe láti ìdí ààrò. "Yétúndé! O ò ní wá bọ́ aṣọ yẹn?"

Ọmọ náà dúró. Ó ti na ọwọ́ sẹ́yìn láti tú bọ́tìnnì.

Ládòkun kò la ojú. "Fi í sílẹ̀, Ìyá Kíkẹ́," ó wí. "Kò sí ẹni tó ń retí aṣọ náà lẹ́yìn rẹ̀."

Ọmọ náà sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.